Bí A Ṣe Ki Ààrò Irin Bọ Ẹnu Bíríkì

Nígbà tí mò ń wí yìí, gbogbo wọn ló ṣì wà láyé. Jìbírílù ọkọ mi wà láyé, ó ń wa takisí, tó bá sì rẹ́rìn-ín báyìí, ará ilé kejì á yọjú lójú fèrèsé. Akíndúró ọ̀rẹ́ rẹ̀, ọmọ Oǹdó, wà láyé, ewú kan ò tíì sí lórí ẹ̀. Ìyá ọkọ mi náà wà láyé, òun gan-an sì ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí. Àdùfẹ́ ni wọ́n ń pè é nílé, ṣùgbọ́n èmi ìyàwó ò jẹ́ fẹnu mi pè é bẹ́ẹ̀ rí. Màámi ni mò ń pè é, Màámi náà ni màá pè é níbí.

Ọdún 1984 ló ń parí lọ. A ti ra ilé bíríkì kan ní apá òkè Ṣikágò, kò jìnnà sí ibi tí ọkọ̀ ojú irin ti ń kọjá lọ sí Evanston. Ilé náà dàgbà ju gbogbo wa lọ. Lára ògiri pálọ̀, ihò ńlá kan wà tí wọ́n fi bíríkì kọ́, ibẹ̀ ni àwọn tó kọ́ ilé náà ti ń dáná igi láyé ijọ́un. Ẹni tó gbé ibẹ̀ kẹ́yìn ti fi pákó dí i lẹ́nu, ó sì fi ọ̀dà funfun kun pákó náà. Èmi gbé tẹlifíṣọ̀n síwájú ẹ̀, mo gbàgbé pé ihò kankan wà níbẹ̀.

Èmi àti Jìbírílù ti retí ọmọ títí tí àwọn èèyàn ò fi bi wá léèrè mọ́. Àfi bí Ọlọ́run ṣe fún wa ní Ṣàkírù. Ìyá tó bí mi ti kú kí n tó lọ sílé ọkọ, kò sí ẹni tó máa wá bá mi wẹ ọmọ. Ni Jìbírílù bá ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ ní Ìsẹ́yìn. Màámi wọ ọkọ̀ òfúrufú fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé ẹ̀, ó gbé ọṣẹ dúdú, òrí, àti epo pupa inú kẹ́ẹ̀gì dání. Nígbà tí a jáde láti ẹ́ápọ́ọ̀tù tó rí yìnyín nílẹ̀, ó dúró sójú kan.

Ó ní, "Ìyàwó, ta ló da láfún sílẹ̀ káàkiri báyìí?"

Mo ní, "Màámi, yìnyín ni."

"Gbogbo ẹ̀? Ẹ ò sì wá ẹni gbá a?"

Ó wẹ ọmọ fún mi, ó wẹ èmi náà. Ó fi omi gbígbóná tẹ̀ mí níkùn títí mo fi ń ké pe Ọlọ́run, ó sì ń bú mi pé kí n dákẹ́, ṣé èmi nìkan ló bímọ rí ni. Tó bá gbé Ṣàkírù lọ́wọ́ mi báyìí, oorun tí mo máa ń sùn, oorun ẹni tó níyàá ni. Ṣùgbọ́n òtútù ò jẹ́ kí òun sùn. Ó wọ ẹ̀wù òtútù Jìbírílù méjì lé ara wọn, ó fi ìbọ̀sẹ̀ bọ ọwọ́, ó wé gèlè, ó tún dé fìlà lé gèlè. A ní hítà o. Abẹ́ ilẹ̀ ni afẹ́fẹ́ gbígbóná ti ń jáde láti inú ihò kéékèèké. Màámi ò gbà á gbọ́.

"Ooru wo lẹ ń wí? Mi ò rójú ẹ̀."

Jìbírílù á ní, "Màámi, ẹ na ọwọ́ síbí. Ṣé ẹ gbọ́ ọ bó ṣe ń fẹ́?"

"Mo gbọ́. Ohun tó ń fẹ́ mi láti abẹ́ ilẹ̀ tí mi ò rójú ẹ̀, èmi kọ́ lo máa ní kí n jókòó tì í."

Nígbà tó di ọjọ́ Àlàmísì kan... rárá, Ọjọ́rú ni, torí mo ń fọ aṣọ ọmọ lọ́jọ́ náà, Màámi pe Jìbírílù. Ó ní kó bá òun tún tíkẹ́ẹ̀tì òun ṣe, òun fẹ́ máa lọ sílé. Ó ní òun ti wẹ ọmọ, a ti sọ ọ́ lórúkọ, egungun òun ò sì gba ìlú yìí. Jìbírílù bẹ̀ ẹ́ títí. Ìyá tó bí i mọ̀ ọ́n bẹ̀ jù ú lọ, òun náà ń bẹ̀ ẹ́ padà. Ìgbà tó yá, Jìbírílù lọ, ó bá àwọn tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì sọ̀rọ̀ lórí fóònù, wọ́n ní Sátidé tó ń bọ̀ yìí, àyè wà nínú ọkọ̀ òfúrufú ìrọ̀lẹ́.

Inú kíṣìnì ni mo ti gbọ́ ọ, mo jókòó sórí garawa. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ní Evanston ni mo ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n sì ti ní kí n padà sẹ́nu ṣíìfù mi. Ta ni màá gbé ọmọ fún? Ká tiẹ̀ gbé ti iṣẹ́ tì, ta ni màá bi pé kí ló dé tí ọmọ ń sunkún, kí ló dé tí ìgbẹ́ rẹ̀ rí báyìí? Mo ti fi ojú mi wá ìyá títí, mo sì ti rí ọ̀kan. Òtútù wá fẹ́ gbà á lọ́wọ́ mi.

Mo nu ojú mi, mo jáde sí pálọ̀. Màámi ń gbálẹ̀ lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n. Kò sẹ́ni tó rán an níṣẹ́, bó ṣe ń ṣe nìyẹn tí inú rẹ̀ ò bá dùn. Ọwọ́ ìgbálẹ̀ kan pákó, pákó náà dún gbọ̀ọ̀. Ó tún kàn án.

"Ìyàwó, kí ló wà nínú ibí?"

"Ààrò ni, Màámi. Ààrò àtijọ́."

Ó nàró, ó gbá àyà mú. "Ààrò! Ẹ ní ààrò nínú ilé, ẹ wá fi pákó dí i lẹ́nu, ẹ gbé àpótí tó ń sọ̀rọ̀ tì í? Jìbírílù! Jìbírílù o!"

Jìbírílù sáré jáde, ó rò pé ọmọ ló ṣubú.

Màámi ní, "Gbọ́ ọ kó o gbọ́ ọ dáadáa. Tí iná igi bá jó nínú ihò yìí kí wọ́n tó gbé mi lọ sí ẹ́ápọ́ọ̀tù lọ́jọ́ Sátidé, tí mo fojú mi rí i, tí mo fọwọ́ mi koná ẹ̀, mi ò lọ mọ́. Tí kò bá jó, mo ń lọ. Mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jà."

Bí mo ṣe wojú Jìbírílù ló ti mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Ó gbé fóònù, ó pe Akíndúró.

Ilé ìwòsàn kan ní Skokie ni Akíndúró ti ń tún nǹkan ṣe, ilẹ̀kùn tó bá bàjẹ́, páìpù tó bá ń jò. Nílé, ó ti bá bàbá rẹ̀ to bíríkì rí. Ó dé ní Àlàmísì pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì àti àpótí irinṣẹ́. Wọ́n yọ pákó náà. Jìbírílù ki orí bọ inú ihò, ó ń wòkè, ó ní òun ò rí ojú ọ̀run. Akíndúró ti ọ̀pá gígùn kan lọ sókè. Ìtẹ́ ẹyẹ ló kọ́kọ́ já bọ́, ìyẹ́ tẹ̀ lé e, dúdú èéfín ọdún gbọọrọ wá tẹ̀ lé ìyẹ́. Orí Jìbírílù ni gbogbo ẹ̀ dà lé.

Akíndúró ní, "Ọ̀gá onítakisí, ó yẹ ọ́. Mi ò mọ ibi tí ojú ẹ wà mọ́."

"Ẹ̀yin ará Oǹdó yìí, ẹ kì í ṣiṣẹ́ kẹ́ ẹ má ba tẹni jẹ́. O ò lè sọ pé 'yẹra'?"

"Ṣé mo ní kó o ki orí bọ ibẹ̀ ni? Ihò ni mo ní kó o wò, mi ò ní kó o wọlé sí i."

Akíndúró wá là á yé wa. Ó ní tí a bá kàn dáná sínú bíríkì lásán bẹ́ẹ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú ooru náà ló máa gba òkè lọ bá àwọn ẹyẹ. Ó ní ààrò irin la máa ki bọ ibẹ̀, èyí tó nílẹ̀kùn, ká so páìpù irin mọ́ ọn lórí, kí páìpù náà gba inú ọ̀nà èéfín àtijọ́ lọ dé òrùlé. Ó mọ bàbá òyìnbó kan ní Skokie tó ti yọ tirẹ̀, tó kàn gbé e sí gáréèjì. Jìbírílù fi tépù wọn ẹnu ihò náà, ó kọ ọ́ sí àtẹ́lẹwọ́, ó ní ó gbà á, ó tún ṣẹ́ kù.

Ní Jímọ̀, wọ́n gbé ààrò irin náà dé nínú ọkọ̀ ẹlẹ́rù tí Akíndúró yá. Ó wúwo bí ẹbọra. Wọ́n tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì àlòkù sílẹ̀, wọ́n ń fi í wọ́ ọ, wọ́n ń pariwo "ó yá, ó yá", títí wọ́n fi gbé e dé ẹnu ihò. Wọ́n tì í. Ó wọlé. Wọ́n tún tì í. Ó dúró pa, ìdajì ẹ̀ nínú, ìdajì ẹ̀ níta, bí ẹni tó ń yọjú láti ilé ìwẹ̀. Kò lọ, kò bọ̀.

Akíndúró fi tọ́ọ̀ṣì wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó jókòó sílẹ̀. "Jìbírílù, ẹnu ẹ̀ lo wọ̀n. O ò wọn ikùn ẹ̀."

"Ta ló mọ̀ pé bíríkì ń níkùn?"

"Ó ń fún lọ sẹ́yìn ni. Gbogbo wọn ló ń fún lọ sẹ́yìn."

"O mọ̀ bẹ́ẹ̀, o ò sọ?"

"Ìwọ lo ní ó gbà á, ó tún ṣẹ́ kù!"

Màámi tó gbé ọmọ sẹ́yìn bú sẹ́rìn-ín. Láti ìgbà tó ti dé, n ò tíì gbọ́ ẹ̀rín ẹ̀ rí. Ó rẹ́rìn-ín títí omijé fi jáde, ó ní bí òun ṣe rọbí Jìbírílù gan-an nìyẹn, pé orí ti jáde, èjìká ló kọ̀. Akíndúró dọ̀bálẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì, ó ń gbá ilẹ̀.

Wọ́n fa irin náà jáde. Bíríkì inú, lọ́wọ́ ẹ̀yìn, ìlà méjì ni wọ́n fi tò ó, sìmẹ́ńtì tó so ìlà iwájú ti di ìyẹ̀fun. Akíndúró rọra yọ àwọn tí wọ́n ti tú, ó tún àwọn tó kù tò kó dúró dáadáa, ó sì fi sìmẹ́ńtì tí iná kì í jẹ dí ojú wọn. Nígbà tí wọ́n tún ti irin náà, ó wọlé jẹ́jẹ́. Jìbírílù gun òrùlé láti sọ páìpù kalẹ̀, atẹ́gùn láti adágún ńlá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlú ń fẹ́ ẹ, ó ń pariwo láti òkè pé tí òun bá kú kí wọ́n sọ fún ìyá òun pé iná rẹ̀ ló pa òun. Akíndúró so páìpù mọ́ orí irin, ó fi páànù dí gbogbo àyè tó kù, ó fi òwú tí iná kì í jó há a. Ilẹ̀ ti ń ṣú. Ó ní a ò gbọ́dọ̀ dáná o, kí sìmẹ́ńtì gbẹ, òun á yọjú láàárọ̀ kóun tó lọ síbi iṣẹ́.

Àárọ̀ Sátidé, bí mo ṣe dé pálọ̀, ààrò irin náà ń dán gbinrin. Mo rò pé Akíndúró ló kun ún kó tó lọ. Màámi wà nínú yàrá, ó ń wẹ ọmọ. Akíndúró dé, ó ń kánjú, aṣọ iṣẹ́ ló wà lọ́rùn ẹ̀. Ó to igi wẹ́wẹ́ sínú irin, ó ṣáná sí i, ó ti ilẹ̀kùn ẹ̀. Iná mú. Jìbírílù pàtẹ́wọ́.

Kò pẹ́ tí èéfín bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe láti inú o. Ara irin náà ló ti ń jáde, lórí, lẹ́gbẹ̀ẹ́, lára ilẹ̀kùn, funfun kíki, ó sì ń rùn bí ìgbà tí epo bá jóná lórí iná. Lójú ẹsẹ̀, mi ò rí Jìbírílù mọ́. Agogo tó ń ṣọ́ èéfín lójú àjà bẹ̀rẹ̀ sí ké. A ṣí ilẹ̀kùn, a ṣí fèrèsé, èéfín ń jáde, òtútù ń wọlé. Ará ilé kejì rí i, ó pe panápaná. Kí Akíndúró tó yọ igi náà tán sínú garawa, ọkọ̀ wọn pupa ti dé ẹnu ọ̀nà, ó ń ké bí ìyá ẹkùn.

Màámi gbé ọmọ jáde láti yàrá. Ó rí èéfín, ó rí àwọn ọkùnrin tó wọ bàtà dé orókún tí wọ́n ń já wọlé. Ojú ẹ̀ yí padà. Ó gbé Ṣàkírù fún mi, ó padà sínú yàrá, ó gbé àpótí ẹ̀ jáde, ó wọ ẹ̀wù òtútù méjèèjì, ó jókòó lórí àpótí náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn.

Ó ní, "Ẹ máa gbé mi lọ. Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jó ilé mọ́ ọmọ mi lórí."

Mo ní, "Màámi, kí lẹ ṣe? Ẹ ò ṣe nǹkan kan."

Ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni ọkọ̀ òfúrufú ń gbéra.

Ọ̀gá àwọn panápaná jẹ́ ọkùnrin dúdú kan tó ga, tí irùngbọ̀n ẹ̀ ti funfun. Ó fọwọ́ kan ògiri káàkiri, ó lọ síta lọ wo òrùlé, ó padà wá fi tọ́ọ̀ṣì wo inú irin. Ó ní ọ̀nà èéfín dáa, ẹni tó ṣe é gbìyànjú. Ó wá fi ìka pa ara irin náà, ó gbé e sí imú.

Ó bi wá pé, "Kí lẹ fi pa á? Ó ń rùn bí oúnjẹ."

Jìbírílù wo Akíndúró. Akíndúró wo Jìbírílù. "Èmi ò fi nǹkan kan pa á o."

Màámi ní, "Ìyàwó, kí ni panápaná ń wí?"

Mo sọ fún un. Ó dìde lórí àpótí, ó tún fìlà ẹ̀ ṣe. "Sọ fún un pé èmi ni. Lẹ́yìn tí mo kírun àsùbá tán ni mo fi epo pa á tinú tẹ̀yìn, mo wá fi òrí lé e. Bi í pé níbí, ṣé wọ́n máa ń gbé ìkòkò irin kaná láìjẹ́ pé wọ́n kọ́kọ́ pa á lépo?"

Akíndúró fọwọ́ borí. Mo sọ ọ́ fún ọkùnrin náà bí mo ṣe lè sọ ọ́. Ó wo Màámi, ó wo irin, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ẹ̀ tó ti Jìbírílù. Ó ní ìyá tó bí ìyá òun ní Mississippi, bó ṣe máa ń fi ọ̀rá pa páànù irin rẹ̀ nìyẹn, ẹni tó bá fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ á jẹyà. Ó ní ṣùgbọ́n èyí kì í ṣe páànù, ooru ẹ̀ pọ̀ jù, gbogbo epo náà ló ń jó.

Mo tú u fún Màámi.

Ó ní, "Sọ fún un pé wọ́n kọ́ ìyá ẹ̀ àgbà dáadáa. Sọ fún un náà pé orí ẹní ìkírun mi ló dúró lé."

Ọkùnrin náà fò kúrò bí ẹni tí èèrà jẹ. Ó ní ká fi omi gbígbóná àti ọṣẹ nu irin náà dáadáa, ká tún iná dá lójú òun, kóun rí i kóun tó lọ. Gbogbo wa kúnlẹ̀ tì í, èmi, Jìbírílù, Akíndúró, kódà ọ̀kan nínú àwọn panápaná gba àkísà. Nígbà tó mọ́, Akíndúró to igi, ó mú ìṣáná.

"Ìwọ ọmọ yìí, dúró!" Màámi ti dé ẹ̀yìn ẹ̀. "Ta ló ní kó o dá a láàárọ̀? Nílé wa, ààrò tuntun, ìyá tó dàgbà jù nínú ilé ló ń dá iná àkọ́kọ́ sí i. O ò bèèrè, o kàn ṣáná."

"Ẹ má bínú, Màámà. Mi ò mọ̀."

"O ò lè mọ̀. Iṣẹ́ lò ń kánjú lọ."

Ó gba ìṣáná lọ́wọ́ ẹ̀. Ó yọ ìbọ̀sẹ̀ kúrò lọ́wọ́. Ó ní "Bìsìmílà", ó ṣáná, ó tẹ̀ síwájú, ó fẹ́ ẹ lẹ́nu díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń fẹ́ ẹ̀kọ fún ọmọ. Igi mú. Èéfín díẹ̀ ṣì rú lára irin, òórùn àkàrà gba inú ilé kan, ó sì dáwọ́ dúró. Iná náà ń jó lẹ́yìn gíláàsì ilẹ̀kùn, pupa, ó ń ta páú. Ọ̀gá panápaná bọ́ ìbọ̀wọ́ ẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì sí i. Ó ní ká máa kó eérú sínú garawa irin, ká má fi pákó tí wọ́n kùn ní ọ̀dà dáná, ká sì pe àwọn tó ń yẹ ilé wò kí wọ́n wá fojú sí i. Jìbírílù ń mi orí, kò gbọ́ nǹkan kan. Ìyá ẹ̀ ló ń wò.

Màámi fa àga sún mọ́ iná. Ó jókòó. Ó bọ́ ẹ̀wù òtútù kan, ó nà án fún mi. Ìgbà tó yá, ó bọ́ èkejì.

"Jìbírílù."

"Màámi."

"Aago mélòó lo ní ọkọ̀ òfúrufú yẹn ń lọ?"

"Aago mẹ́fà, Màámi."

"Kó máa lọ. Ìyàwó, gbé ọmọ mi wá, ọṣẹ ṣì wà lára ẹ̀."

Mo gbé ọmọ fún un, mo sáré wọ kíṣìnì, mo jókòó sórí garawa tí mo jókòó lé lọ́jọ́ yẹn, mo sì rẹ́rìn-ín títí ọ̀fun mi fi gbẹ.

Òtútù oṣù tó tẹ̀ lé e, àwọn tó bá wà ní Ṣikágò nígbà náà kò ní gbàgbé ẹ̀. Omi dì nínú páìpù àwọn èèyàn. Nílé tiwa, Màámi ń wẹ Ṣàkírù níwájú iná lárààárọ̀, ó ń fọwọ́ yá iná kó tó fi na ọmọ lẹ́sẹ̀. Mo padà sẹ́nu ṣíìfù mi. Àwọn èèyàn wa tó ń gbé ní Woodridge, lẹ́yìn ìlú, máa ń wa mọ́tò wá jókòó tì í lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n á gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ dání, Màámi á sun ún lórí ẹyin iná, á máa bú wọn pé wọn ò mọ igi ṣà. Kò sẹ́ni tó tún gbọ́ tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu ẹ̀. Jìbírílù bá a ṣe ìwé, ó ń gbé ọ̀dọ̀ wa. Ó lo ọ̀pọ̀ ìgbà òtútù níbi iná yẹn, ó bá mi wẹ Kàfáyàtù náà nígbà tí mo bí i.

Ọdún 1988, oṣù kẹrin, yìnyín ti yọ́ tán. A ti dáwọ́ igi dúró láti ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, mo ti kó eérú ìkẹyìn dànù. Lọ́jọ́ Jímọ̀ náà, oòrùn là rekete. Màámi kírun àsùbá, ó mu ẹ̀kọ, ó ní kí Jìbírílù gbé àga òun síta, síwájú ilé, òun fẹ́ wo àwọn tó ń kọjá. Ó ń bá Ṣàkírù sọ̀rọ̀ lóde, mo ń gbọ́ ohùn wọn láti kíṣìnì. Ìgbà tó yá, Ṣàkírù wọlé wá bá mi.

Ó ní, "Mọ́mì, Màámà ń sùn. Mo pè wọ́n, wọn ò dá mi lóhùn."

Èmi àti àwọn obìnrin mọ́ṣáláṣí la wẹ̀ ẹ́. Akíndúró tó jẹ́ onígbàgbọ́ wà lára àwọn tó gbé e. Nígbà tí Jìbírílù pe Ìsẹ́yìn, ó gbé fóònù fún mi. Àbúrò Màámi ọkùnrin ló wà níbẹ̀. Mo sọ ọ́ fún un, ó wá bi mí pé, "Ṣé òtútù yín ló pa ẹ̀gbọ́n mi?"

Mo ní, "Rárá, Bàbá. Oòrùn ni wọ́n ń yá."

Kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀, a ti sin ín.